Ọkàn Sárésáré Tí A Fi Ojú Rí

Nínú gbogbo ẹ̀yà tí ó wà ní ara ènìyàn, kò sí èyí tí àwọn Yorùbá ń dárúkọ lójoojúmọ́ tó ọkàn àti àyà. Ẹni tí kò bẹ̀rù ni wọ́n ń pè ní aláyà líle; ẹni tí ẹ̀rù bà, wọ́n á ní àyà rẹ̀ já; ẹni tí ìdààmú rẹ̀ dópin, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tí a ń pè tọ̀sán tòru yìí, ta ni ó rí i rí? Ẹni tí ó pa ewúrẹ́ rí ti ewúrẹ́, ó sì ti dákẹ́ kí ó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọkàn tí ń lù láàyè nínú àyà ẹni tí ń mí, tí ń sọ̀rọ̀, tí ó sì lè tọ́ka sí àwòrán kí ó bèèrè pé, "Ṣé èmi náà nìyẹn?", ohun tí àwọn bàbá ńlá kò rí ni. Ó ti di ohun tí a ń rí. Nínú gbogbo ọkàn tí a sì lè fi hàn lọ́nà bẹ́ẹ̀, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ ronú sí tó ọkàn ẹni tí ń sá eré ọ̀nà jíjìn, nítorí pé òun ni ó sàn jù, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti ṣì mọ̀.

Kò sí ohun ẹ̀rù nínú yàrá tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Sárésáré náà á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn á túbọ̀ sún mọ́ egungun ìhà. Wọn á fi ohun kan tí ń yọ̀, tí ó sì tutù bí ọbẹ̀ ilá tí ó sùn mọ́jú, pa á láyà. Wọn á sì gbé irinṣẹ́ kékeré kan tí kò ju orí ọmọ odó lọ sí àárín egungun ìhà méjì. Irinṣẹ́ yìí ń ké, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá agbára etí ènìyàn. Ti irinṣẹ́ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdán mọ irú ọgbọ́n yìí, nítorí igbe tí ó ń ké lóru ni ó fi ń mọ ibi tí igi wà. Ẹni tí ó bá kígbe ní ẹsẹ̀ àpáta, tí gbohùngbohùn sì dá a lóhùn, ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú. Igbe náà á wọ àyà lọ, á kọlu ara ọkàn, á padà. Ẹ̀rọ á ka àkókò tí ó fi lọ tí ó sì fi bọ̀, á sì fi ya àwòrán.

Àwòrán náà rí bí abẹ̀bẹ̀. Ibi tí ó dúdú ni ẹ̀jẹ̀ wà. Ibi tí ó ní àwọ̀ eérú ni ẹran ọkàn. Yàrá mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, méjì tí ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, méjì tí ń tì í jáde, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ṣí tí ń sì ń tì láìsinmi, bí ọwọ́ ọmọdé tí ń pàtẹ́wọ́. Bí dókítà bá tẹ ibì kan lára ẹ̀rọ náà, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró á yọ. Èyí kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ gan-an, àmì lásán ni: pupa ni ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ irinṣẹ́, aró ni èyí tí ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wo ọkàn akọ̀wé tàbí ti oníṣọ́ọ̀bù á mọ ìyàtọ̀ lójú kan náà nígbà tí ti sárésáré bá yọ. Yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, èyí tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, gbòòrò. Ògiri rẹ̀ nípọn díẹ̀ yíká. Á fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, á tú, á sì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ á fi máa wo ojú dókítà bóyá kò ti dákẹ́. Kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí ń fa omi ní kànga ni. Ẹni tí garawa rẹ̀ kéré á fà á títí apá á fi ro ó. Ẹni tí garawa rẹ̀ tóbi á fà, á sinmi, ìkòkò àwọn méjèèjì á sì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí lítà ẹ̀jẹ̀ 5 ni ara àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn akọ̀wé lè lù ní ìgbà 70 kí ó tó pèsè rẹ̀. Ti sárésáré tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè fi ìgbà 40 ṣe é. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láàrin ọ̀sán kan àti òru kan, ti àkọ́kọ́ á lù ní ìgbà 100,800, ti èkejì ní ìgbà 57,600. Nígbà tí eré bá sì gbóná, ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kọ́ eré lè ti nǹkan bí lítà 20 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ti ògbólógbòó sárésáré á sì ju 30 lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo tí ó gba lítà 25 á kún kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà àtimọ ohun tí ó wà nínú àyà. Obìnrin tí ń ta ìkòkò á fi ìka kàn án kí ó tó búra pé kò sán. Ẹlẹ́mu á kan agbè rẹ̀, á sì mọ ibi tí ẹmu mọ. Ọgbọ́n yìí gan-an ni Auenbrugger, oníṣègùn ará Austria tí bàbá rẹ̀ ní ilé èrò, mú lọ sí àyà àwọn aláìsàn, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1761. Ní 1899 Henschen, oníṣègùn ará Sweden, fi ìka kan àyà àwọn tí ń so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ sáré lórí òjò dídì, eré tí ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó rí i pé ọkàn wọn tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì kọ ọ́ pé irú ọkàn ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ó lè ṣiṣẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìka lásán ni ó fi mọ èyí! Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ní 1895, Röntgen ti rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì, ṣùgbọ́n òjìji ọkàn ni X-ray ń fi hàn, bí òjìji ẹni tí ó dúró lẹ́yìn aṣọ títa: a mọ̀ pé ó tóbi, a kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ̀rọ olóhùn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi wá. Ní 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, Edler tí ó jẹ́ oníṣègùn àti Hertz tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì lọ yá ẹ̀rọ kan ní ibi tí a ti ń kan ọkọ̀ ní Malmö, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán láìgé irin náà. Wọ́n gbé e lé àyà ènìyàn, ọkàn sì dá a lóhùn. Ìlà tí ń jó lásán ni ó kọ́kọ́ yọ; àwòrán tí ń mira bí èyí tí a ń rí lónìí dé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Kí àwọn ẹ̀rọ yìí tó dé, ìṣìmọ̀ pọ̀, ìtàn Clarence DeMar sì yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ń kọ́ ọmọ ní eré. Ará Amẹ́ríkà ni, títẹ̀wé sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1911 ó fẹ́ sá eré Marathon ìlú Boston. Àwọn oníṣègùn gbọ́ ariwo kan nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi eré sísá sílẹ̀. Ó sá eré náà, ó sì gba ipò kìíní. Lẹ́yìn èyí ó fi Boston sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn náà sì wà lára ohun tí ó fà á. Nígbà tí ó padà, ó gba ipò kìíní ní 1922, ní 1923, ní 1924, ní 1927, ní 1928 àti ní 1930, èyí tí ó jẹ́ ìgbà méje pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ipò kẹta ní Olympics ti Paris ní 1924. Ó ṣì ń sá eré Boston nígbà tí ó ti kọjá ọdún 60. Jẹjẹrẹ ni ó pa á ní 1958, kì í ṣe ọkàn. Àwọn dókítà méjì, Currens àti Paul Dudley White, tẹ ìwé ohun tí a rí nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò jáde ní 1961: àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Ó ní láti kú kí a tó rí ẹ̀rí tí ó dá a láre. Bí ẹ̀rọ olóhùn bá ti wà ní 1911, kì bá ti gba oníṣègùn ju wákàtí kan lọ láti wo ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kí ó sì mọ ohun tí ń pariwo.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn DeMar tí ó sì sọ pé, "Nítorí náà, kí gbogbo ọmọ máa sáré lọ, irọ́ ni àwọn dókítà ń pa," ti ṣì í gbọ́. Àrùn kan wà tí a ń jogún nínú ìdílé, tí ń mú kí ògiri ọkàn nípọn láìjẹ́ pé a sá eré kankan. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn, nǹkan bí ẹnìkan ní í. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, ara wọn le, wọ́n lè gba ẹ̀bùn nínú eré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, nígbà tí eré bá gbóná, ọkàn náà lè pàdánù ìlù rẹ̀, kí ó máa gbọ̀n lásán, kí ẹni náà sì ṣubú lulẹ̀. Lójú ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, àwòrán ọkàn aláìsàn yìí àti ti sárésáré jọra. Ògiri méjèèjì nípọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ti sárésáré nípọn déédéé yíká, yàrá inú rẹ̀ sì gbòòrò, nígbà tí ti aláìsàn sábà máa ń nípọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yàrá rẹ̀ há, tí kì í sì í tú dáadáa lẹ́yìn tí ó bá fúnra rẹ̀ pọ̀. Ní 1991 Pelliccia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì sọ ti àwọn eléré ìdárayá 947 tí wọ́n wo ọkàn wọn. Àwọn 16 péré ni ògiri ọkàn wọn nípọn tó mílímítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ìje ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Nítorí náà bí ọmọ tí ń sá eré bá ní ògiri mílímítà 11 tàbí 12, kò sí ìdí fún igbe. Bí ó bá ní 16, ọ̀rọ̀ di ti àgbà. Láàárín méjèèjì ni ibi tí ó ṣókùnkùn wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń lo ẹ̀rọ ńlá olóòfà tí ń ya ẹran ọkàn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó lè fi hàn bí àpá bá wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí kò gbówó wà, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù: kí sárésáré náà sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ògiri tí eré mú nípọn á fẹ́lẹ́. Èyí tí àrùn mú nípọn kò ní í yí padà. Kì í rọrùn fún ọ̀dọ́ láti gbọ́ èyí. Ẹni tí ó ń retí pé eré ni yóò gbé òun dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní òkè òkun, oṣù mẹ́ta dà bí olè lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, tí ó ti fi owó oko ra bàtà, lè máa kùn. Kí wọ́n kùn. Ìkùnsínú kò pa ènìyàn rí.

Ní ilẹ̀ yìí ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí kò jìn sí ara wọn, agbábọ́ọ̀lù sì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n eré púpọ̀ ni agbábọ́ọ̀lù ń sá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè ní ìlú Èkó, Samuel Okwaraji ṣubú nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àngólà gbá bọ́ọ̀lù. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ ọdún 25 ni. Kò dìde mọ́. Nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò, a gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ tóbi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ru. Ní 1996, lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu ti gba wúrà Olympics ní Atlanta, ẹgbẹ́ Inter ti Milan ní Ítálì wo ọkàn rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ kò tì dáadáa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ó padà sí pápá ní 1997, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà títí dé Ife Àgbáyé 2010. Ọkàn méjèèjì ní àbùkù, ọ̀kan ni a sì wò kí ó tó pẹ́ jù.

Ṣé kí a wá gbé gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ síwájú ẹ̀rọ ni? Àwọn ará Ítálì fi òfin dè é ní 1982 pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá bá ẹgbẹ́ díje gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ọkàn. Ní agbègbè Veneto, ikú òjijì láàrin àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 3.6 nínú 100,000 lọ́dún sí 0.4. Ísírẹ́lì náà ṣe òfin bẹ́ẹ̀ ní 1997, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka òkú ibẹ̀ ṣáájú òfin àti lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí ìyàtọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀rọ fún gbogbo ọmọ ni ojútùú, owó ẹlòmíràn ni ó ń ná lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀fun ìkọ̀wé tó kò lè ra ẹ̀rọ olóhùn.

Síbẹ̀ kò tọ̀nà kí a máa tò àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ lọ́jọ́ ìdíje láàrin ọ̀sán gangan, kí a fọn fèrè, kí a sì retí ohun tí yóò bá ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kò gbówó. Kí a bi ọmọ bóyá ó ti dákú rí nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe èyí tí òòrùn pa lórí ìdúró, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà tí ọ̀rọ̀ àlejò bá gùn. Èyí tí ó ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára ni ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀. Kí a bi í bóyá àyà máa ń dùn ún lórí eré. Kí a sì bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá ẹnìkan nínú ìdílé ti kú lójijì ní ọ̀dọ́, ibi yìí ni ìṣòro sì wà, nítorí pé irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ikú àìsàn lẹ́nu àwọn ará ilé. Wọ́n á ní wọ́n ta á lọ́fà ni, tàbí pé àwọn ọ̀tá ni ó ṣe é, wọ́n á sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìbá gba àbúrò là. Kí nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà ọmọ náà, kí ó sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá mọ́, òun nìkan ni kí a rán lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Ìbàdàn, níbi tí a ti lè wo ọkàn rẹ̀. Títí di ìgbà tí èsì yóò dé, kí ó jókòó, ìbáà jẹ́ òun ni ó yára jù ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ pé ife ẹ̀yẹ yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kejì.

Ẹ̀rọ náà kò sì rí ohun gbogbo. Jim Fixx, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé tí ó gbajúmọ̀ lórí eré sísá ní 1977, kú lórí eré ní Vermont ní 1984, ọmọ ọdún 52. Òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọkàn rẹ̀ ni ó ti dí, kì í ṣe ògiri ni ó nípọn; bàbá rẹ̀ náà ti ṣàìsàn ọkàn ní ọdún 35 ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì kú ní 43. Fún ẹni tí ó ti kọjá ọdún 35, tí ó mu sìgá rí, tàbí tí ó ti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wá, àwòrán ọkàn tí a yà lórí ìdùbúlẹ̀ lè dára kí òpó rẹ̀ sì dí. Ó yẹ kí a wo ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ, kí a má sì ka ọ̀fun gbígbóná tàbí àyà dídùn lórí eré sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò dà.

Nítorí pé a kò lè rí gbogbo rẹ̀ ṣáájú, kí olùkọ́ tí ń dá eré sílẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣe bí ọmọ bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tí ó kàn ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a má da omi sí i lórí, kí a má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, kí àwọn ènìyàn má sì ṣù bò ó. Kí ẹnìkan sáré lọ wá ọkọ̀. Kí ẹlòmíràn tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ líle, kí ó kúnlẹ̀ tì í, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà rẹ̀, kí apá nà tọ́ọ́rọ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ínṣì 2, kí ó jẹ́ kí ó padà sókè, kí ó tún tẹ̀ ẹ́, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má ṣe dáwọ́ dúró títí ọmọ náà yóò fi mira tàbí tí ọkọ̀ yóò fi dé.